Ihò Abẹ́rẹ́ Lára Táǹkì Epo: Ìtàn Iná "Check Engine"

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi mọ̀ pé ìtàn kì í ṣe ti ọba àti ogun nìkan lójú tèmi. Ohun tó wà ní ilé ìdáná, ohun tó wà lọ́jà, ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, gbogbo wọn ló ní ìtàn. Lónìí, iná kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, iná aláwọ̀ ọsàn tó máa ń tàn níwájú awakọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní "check engine".

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tọ́kùnbọ̀ tó wà ní títì wa, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò wọ́n. Bí iná yẹn bá tàn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí rẹwáyà sì fi sikánà yẹ̀ ẹ́ wò, kóòdù kan tó wọ́pọ̀ gan-an ni P0442, tàbí P0456 tó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ihò kékeré kan wà níbì kan tí ooru epo ń gbà jáde. Ọkọ̀ náà ń sáré dáadáa, epo ò kán sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ní kí wọ́n yọ gílóòbù iná náà dànù, tí àwọn mìíràn sì ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn títí owó fi tán lápò. Ìbéèrè tí n kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi ni pé: ta ló tiẹ̀ ní kí ọkọ̀ máa wá ihò lára ara rẹ̀? Báwo ni ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ ṣe di ọ̀rọ̀ òfin? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ kò ní tètè sọ owó rẹ̀ nù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ìlú tí ojú ń ta

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ California, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù Keje ọdún 1943, kùrukùru kan bo ìlú náà. Ojú ń ta àwọn ènìyàn, ọ̀fun ń yún wọn, wọn ò sì ríran jìnnà. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé àwọn ará Japan ló fi gáàsì olóró gbógun dé. Nígbà tó yá, ìka gbogbo ènìyàn nà sí ilé iṣẹ́ kan ní òpópónà Aliso, níbi tí wọ́n ti ń ṣe butadiene, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà àtọwọ́dá fún ogun. Wọ́n pariwo títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Kùrukùru náà ò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí mo ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Ní 1947, Los Angeles County dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́. Wọ́n dojú kọ àwọn ilé iṣẹ́, wọ́n dojú kọ ibi ìfọpo, nígbà tó sì di 1957, wọ́n fòfin de sísun pàǹtí lẹ́yìnkùlé. Gbogbo ìyẹn ran ìlú lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ojú ṣì ń ta wọ́n.

Ẹni tó tú àdììtú náà ni Arie Haagen-Smit, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Caltech, ní Pasadena. Kì í ṣe onímọ̀ ọkọ̀ rárá. Òórùn ọ̀pẹ òyìnbó ló ń ṣe ìwádìí lé lórí: àwọn èròjà wo gan-an ló ń mú kí èso náà máa ta sánsán? Ọgbọ́n tó fi ń mú òórùn èso ló fi mú afẹ́fẹ́ ìlú. Ó mú kí ó tutù gan-an títí ohun tó wà nínú rẹ̀ fi di omi, ó wá yẹ omi náà wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó fi hàn pé nǹkan méjì ni oòrùn ń sè pọ̀ lójú ọ̀run: bẹntiróòlù tí kò jóná tó sá sínú afẹ́fẹ́, àti gáàsì tí wọ́n ń pè ní nitrogen oxides, tó ń jáde níbikíbi tí epo bá ti ń jó. Bí méjèèjì bá pàdé lábẹ́ oòrùn, wọn a di ozone àti àwọn èròjà mìíràn tó ń ta ojú, tó ń ba ewé oko jẹ́, tó sì ń mú kí rọ́bà sán. Kódà, rọ́bà ló fi ṣe òṣùwọ̀n: wọ́n á tẹ rọ́bà, wọ́n á gbé e síta, bí ó bá ṣe yá a láti sán tó ni ozone ṣe pọ̀ tó.

Àwọn oníléeṣẹ́ epo ò gbà. Wọ́n gbé owó sílẹ̀ fún ìwádìí tiwọn, àríyànjiyàn náà sì gba ọdún mélòó kan. Ẹ̀rí Haagen-Smit ló borí níkẹyìn, nígbà tí California sì dá àjọ Air Resources Board sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́.

Ohun tó yẹ ká dì mú nínú ìwádìí yìí ni pé èéfín dúdú tí ojú ń rí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe ibi. Epo tó kàn gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ láì tíì jóná rárá jẹ̀bi bákan náà. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sábẹ́ oòrùn, tí ẹnikẹ́ni ò tan, lè máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́ lọ.

Agolo eedú

Nínú ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ni epo tí kò jóná ń gbà jáde. Àkọ́kọ́ ni páìpù èéfín. Èkejì ni inú ikùn ẹ́ńjìnnì níbi tí òróró wà. Ẹ̀kẹta ni táǹkì epo àti kabúrétọ̀, ìyẹn ló sì kàn wá lónìí. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń kà sí i lọ́rùn. Ẹni tó bá ti ṣí kẹ́ẹ̀gì epo lọ́sàn-án gangan mọ̀ ọ́n: "fùú" tó máa ń dún, àti òórùn tó máa ń gba imú ènìyàn kan. Táǹkì ayé àtijọ́, ńṣe ni wọ́n dá ihò sí ìdérí rẹ̀ kí "fùú" yẹn lè máa rọra jáde tọ̀sán-tòru.

Òfin California ní kí ọkọ̀ tuntun ti ọdún 1970 má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ti gbogbo Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 1971. Ọgbọ́n tí àwọn oníléeṣẹ́ ọkọ̀ dá sí i rọrùn, ó sì dára débi pé òun náà la ṣì ń lò títí dòní. Wọ́n dí táǹkì pa, wọ́n fa rọ́bà láti orí rẹ̀ lọ sínú agolo kan tí wọ́n kún fún eedú. Kì í ṣe eedú tí a fi ń yan àgbàdo gan-an o. Wọ́n ti ṣe é lọ́nà tí ihò tíntìn-tíntìn tí ò lóǹkà fi wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀, ara àwọn ihò wọ̀nyẹn sì ni ooru epo máa ń lẹ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró sínú oòrùn, eedú a gba ooru epo sára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fáàfù kan tí wọ́n ń pè ní purge a ṣí, ẹ́ńjìnnì a fa ooru epo náà mu kúrò lára eedú, a sì sun ún. Fáàfù kejì, tí wọ́n ń pè ní vent, ni agolo ń gbà mí: ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé.

Ẹ ò rí i pé kò sí òfò níbẹ̀? Epo tí ì bá fò lọ, ẹ́ńjìnnì ló lò ó.

Òfin ní kí ọkọ̀ máa yẹ ara rẹ̀ wò

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ kì í jẹ́ tuntun títí láé. Rọ́bà a gbẹ, a sán. Ìdérí táǹkì a tú. Irin a dípẹtà. Ọkọ̀ tó yege ìdánwò lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ inú ọkọ̀, California rí ìdáhùn: kí ọkọ̀ máa yẹ ara rẹ̀ wò. Òfin àkọ́kọ́ lórí èyí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ọdún 1988. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní OBD-II, le jù ú lọ, nígbà tó sì di ọdún 1996, ó ti kan gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà. Òun ló bí ihò tí à ń ki sikánà bọ̀ lábẹ́ ìdarí ọkọ̀.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ihò ti wọ inú òfin. Lákọ̀ọ́kọ́, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè mọ̀ bí ihò tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 1 bá wà níbikíbi láti ẹnu táǹkì dé ẹ́ńjìnnì. Láti nǹkan bí ọdún 2000, òṣùwọ̀n náà sọ̀ kalẹ̀ sí ìdajì rẹ̀, mìlímítà 0.5. Ìdí ni pé páìpù èéfín ti mọ́ tónítóní nígbà náà. Ooru epo tí ihò kékeré lè tú síta lóòjọ́ lè ju ohun tí páìpù èéfín ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń gbé jáde lọ.

Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń mọ̀? Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà a ti fáàfù vent, a ṣí purge, ẹ́ńjìnnì a fa afẹ́fẹ́ inú táǹkì mu díẹ̀. A wá ti purge náà, a máa wo sẹ́ńsọ̀ orí táǹkì. Bí ìfàmu náà bá tètè dẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé nìyẹn. Nínú ti èkejì, pọ́ǹpù kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹta ló wù mí jù: lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti pa ọkọ̀ tó ti wọlé lọ jẹun, kọ̀ǹpútà ò tíì sùn. Epo tó gbóná lójú ọ̀nà a máa tutù, afẹ́fẹ́ inú táǹkì a máa sún kì. Táǹkì tó bá dì pa yóò fa ara rẹ̀ mu. Èyí tó bá lu kò ní lè ṣe é.

Àyẹ̀wò yìí kì í wáyé nígbàkúùgbà. Lọ́pọ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù kí wọ́n tó tan án, epo inú táǹkì ò sì gbọdọ̀ kún jù tàbí kéré jù. Nǹkan bí ìdá 15 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Nítorí náà, awakọ̀ tó jẹ́ pé epo kóńkó ló ń rà lójoojúmọ́, tí ọ̀pá òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í kúrò nísàlẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ lè lu fún oṣù mẹ́fà kí iná má tàn. Bẹ́ẹ̀ náà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí àṣìṣe náà nínú ìrìn méjì tó tẹ̀ léra kó tó tan iná. Ẹ wá rí ibi tí oníwàyó ń gbà wọlé: bó bá fẹ́ ta ọkọ̀, á pa kóòdù náà rẹ́ láàárọ̀, iná á kú, ọkọ̀ á dà bí ẹni tára rẹ̀ le. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí iná tó padà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀, kó ní kí rẹwáyà wo apá ibi tí sikánà ti ń sọ àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ti ṣe tán àti èyí tí kò tíì ṣe. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ṣì wà láìṣe, ẹnì kan ti pa nǹkan rẹ́ láìpẹ́ yìí, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti yọ bátìrì.

Bí a ṣe ń wá ohun tí ojú ò rí

Kóòdù kì í dárúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀. P0455 ń sọ pé ihò náà tóbi, P0442 ní ó kéré, P0456 ní ó kéré gan-an. Ó parí síbẹ̀. Ẹni tó bá ní kóòdù P0442 túmọ̀ sí "lọ ra fáàfù purge", kò ka ìwé náà dópin.

Ibi tó rọrùn jù ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: ìdérí táǹkì. Ṣé ó dún "kẹ-kẹ-kẹ" nígbà tí a dé e? Ṣé rọ́bà etí rẹ̀ ò tíì sán? Ṣé òun gan-an ni ó bá ọkọ̀ náà wá, àbí èyí tí wọ́n gé ra lọ́jà tó kàn jọ ọ́? Lẹ́yìn ìyẹn, a ó fi ojú àti imú wo àwọn rọ́bà láti iwájú dé ẹ̀yìn, àti etí ibi tí pọ́ǹpù epo jókòó sí lórí táǹkì. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti tú pọ́ǹpù rẹ̀ rí, tí wọ́n sì dá rọ́bà àtijọ́ padà sí etí rẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí ifura kọ́kọ́ lọ.

A ó wá dán fáàfù purge wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kí a fa rọ́bà tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ agolo yọ lẹ́nu rẹ̀, kí a fi ìka dí i. Nígbà tó yẹ kó wà ní títì, kò gbọdọ̀ fa ìka mu. Ọkọ̀ tó bá ń ṣòro láti tan ní kété tí wọ́n ra epo tán, fáàfù yìí ló sábà máa ń jẹ́, torí pé ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ooru epo ń ya wọ ẹ́ńjìnnì.

Bí gbogbo ìyẹn ò bá fi ihò náà hàn, ó kù sí ẹ̀rọ èéfín. Gbogbo wa la mọ ọgbọ́n fọkanáísà: á fẹ́ túúbù, á rì í sínú omi, ibi tí omi bá ti ń hó ni táyà ti lu. A ò lè rì táǹkì ọkọ̀ bọ omi, torí náà èéfín ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà ń mú òróró gbóná títí yóò fi di èéfín funfun, á wá rọra tì í sínú rọ́bà. Fáàfù vent gbọ́dọ̀ wà ní títì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ ni gbogbo èéfín yóò gbà lọ. A ó wá gbé tọ́ọ̀ṣì, a ó máa wá ibi tí fọ́nrán funfun kan ti ń yọ. Ihò mìlímítà 0.5 kì í kánjú. Ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó jẹ́wọ́.

Ìkìlọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń lò ò tó psi 1, nígbà tí táyà ń gba nǹkan bí 30. Ẹni tó bá gbé kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ fọkanáísà sí táǹkì epo yóò ya ohun tí kò ya tẹ́lẹ̀, ó sì lè fa iná. Gáàsì tí kì í jẹ́ kí iná jó, bíi nitrogen, ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ń fi ti èéfín náà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Aláǹtakùn inú Mazda

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ Mazda pe nǹkan bí 52,000 ọkọ̀ Mazda6 padà ní Amẹ́ríkà. Ẹlẹ́bi ni aláǹtakùn. Irú aláǹtakùn rúsúrúsú kan ń wọ inú páìpù tí agolo eedú ń gbà mí, ó ń ta okùn rẹ̀ síbẹ̀. Páìpù náà a dí, agolo ò ní rí afẹ́fẹ́ tútù fà, ìfàmu ẹ́ńjìnnì a wá máa fún táǹkì mọ́ra, táǹkì náà sì lè sán. Ní 2014, wọ́n tún pe nǹkan bí 42,000 padà lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Àwọn baba wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Níbí, ẹnu tí ẹ̀dá náà bá wọlé, dandan ni kó wà ní ṣíṣí. Ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ dì pa nígbà tó yẹ, kó sì mí nígbà tó yẹ. Mẹkáníìkì tó bá ń wá ihò nìkan, tí kò rántí pé dídí náà wà, á pẹ́ lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ló kàn wá?

Ẹnì kan lè ní òfin California ò dé Ìbàdàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọkọ̀ náà dé, epo náà sì dé. Benzene wà nínú bẹntiróòlù, ó sì ti dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Nínú ọgbà ilé tí ọkọ̀ mẹ́rin wà lójú fèrèsé, tí jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, imú ọmọdé tó ń sùn nínú yàrá ò mọ ìyàtọ̀ láàárín òfin ilẹ̀ yìí àti òfin ilẹ̀ ibòmíràn.

Àṣà kan sì wà tí mo fẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí epo bá wọ́n, a máa ń ní kí wọ́n rọ ọ́ títí yóò fi dé ẹnu, a tún ń mi ọkọ̀ jìgìjìgì kó lè gba díẹ̀ sí i. Epo olómi yẹn lè ṣàn wọ agolo eedú. Eedú tó bá ti rẹ sínú epo ò lè gba ooru mọ́, agolo náà sì wọ́n ju epo tí a rí fi kún un lọ. Bí pọ́ǹpù bá ti já fúnra rẹ̀, ó tó.

Ní ti ẹ̀kọ́ ìtàn inú rẹ̀, ẹ padà lọ wo òpópónà Aliso. Ìlú kan ń ṣàìsàn, wọ́n rí ilé iṣẹ́ kan tó ń rùn, wọ́n tì í pa, àìsàn náà ò lọ. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ láìdán an wò nìyẹn, ní ìwọ̀n ti ìlú ńlá. Ohun tí Haagen-Smit ṣe yàtọ̀ ni pé ó kọ́kọ́ mú afẹ́fẹ́ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ bá tún gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nítorí iná yìí, tó bá ní kí ẹ mú owó fáàfù wá, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í pé: "Ọ̀gá, kí lẹ rí tó jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun ni?" Bó bá ní èsì gidi, ẹ san owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bí kò bá ní, ẹ ra ìdérí táǹkì tó dára ná, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó ní ẹ̀rọ èéfín.

Ó dìgbà kan ná.